Ẹ Jẹ́ Kí A Sọ̀ Kalẹ̀ Nínú Rélùwéè, Kí A Fi Ẹsẹ̀ Rìn

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣèlú, kì í sì í ṣe ti owó ilé ẹ̀kọ́ tó ń gun òkè lọ́dọọdún. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ni. Mo fẹ́ bi yín léèrè pé, nínú gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a tìtorí rẹ̀ sọdá òkun yìí, ibo ni ẹsẹ̀ wa ti tẹ̀?

Bí a óò bá sọ òótọ́, ayé ọ̀pọ̀ nínú wa kò ju igun mẹ́ta lọ: yàrá tí à ń sùn, ilé ẹ̀kọ́ tí à ń lọ, àti ibi tí a ti ń ṣiṣẹ́ owó oúnjẹ. Ẹni tó ń gbé Brixton mọ ìdíkọ̀ Victoria Line lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì mọ ẹni tí iṣu rẹ̀ kì í jẹrà lọ́jà Electric Avenue. Ẹni tó ń gbé Peckham lè di ojú rìn Rye Lane láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àwọn ará ilé bá ní kí a ṣàpèjúwe bí oko àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti rí, tàbí bí etí òkun wọn ti rí, ohun tí a wò nínú tẹlifíṣọ̀n ni a óò rò fún wọn. Àwọn àgbà sì ní àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ pọ̀ ní Brockwell Park lóòótọ́, ṣùgbọ́n abuké wọn ń bẹ níwájú.

Bí ẹ bá gun àtẹ̀gùn lọ sí ìdíkọ̀ rélùwéè Brixton (kì í ṣe ti abẹ́ ilẹ̀ o, èyí tó wà lókè lórí afárá tó gba orí ọjà kọjá), ẹ óò rí àwọn ère idẹ tó dúró lórí pèpéle. Kevin Atherton ló gbẹ́ mẹ́ta síbẹ̀ ní 1986, àwọn ará àdúgbò gan-an ni ó sì fi ṣe àwòkọ́. Méjì nínú àwọn mẹ́ta náà jẹ́ ènìyàn dúdú. Ọkọ̀ ni wọ́n ń dúró dè. Láti 1986, ọkọ̀ ń dé, ọkọ̀ ń lọ, wọn kò wọ ọ̀kankan. Nígbàkígbà tí mo bá kọjá lára wọn, mo máa ń sọ lọ́kàn ara mi pé àwa ọmọ ẹgbẹ́ wa nìyí.

Ohun tí mo ń fẹ́ kí a máa ṣe kò le rárá. Ká wọ rélùwéè ní àárọ̀ Sátidé, ká sọ̀ kalẹ̀ ní ìdíkọ̀ kékeré kan tí oko àti igbó yí ká, ká fi ẹsẹ̀ rìn máìlì márùn-ún tàbí mẹ́jọ, ká sì tún wọ rélùwéè ní ìdíkọ̀ mìíràn padà sílé. A kò nílò mọ́tò. A kò ní wá ibi tí a óò gbé e sí. Kò sì di dandan kí a padà sí ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ojú irin kan náà ló gba ìdíkọ̀ méjèèjì kọjá, tàbí kí ó pàdé èkejì rẹ̀ níwájú. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi méjì ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, òjò ni, ẹ̀ẹ̀rùn ni.

Nígbà tí a kọ́kọ́ sọ ọ́ nínú ilé tí à ń gbé, ẹ̀rín ni wọ́n fi wá rín. Ìyá onílé wa, tí í ṣe ọmọ Ìjẹ̀bú, wò wá láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Màmá ní, “Ẹ san owó ọkọ̀ tán, ẹ tún wá fi ẹsẹ̀ rìn? Ta ló ń lé yín?” Mo mọ ibi tí ìbéèrè wọn ti wá. Ẹnìkan kì í déédé sáré nínú ẹ̀gún. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ní ń lé e. Lọ́dọ̀ tiwa, ìrìn ní ìdí. À ń rìn lọ sóko, à ń rìn lọ sọ́jà, à ń rìn lọ kí àna, à ń rìn lọ síbi òkú. Ẹni tó bá ń rìn láìnídìí, alárìnkiri ni à ń pè é, orúkọ yẹn kò sì jìnnà sí ọ̀lẹ. Àní bí a bá pàdé ara wa lójú ọ̀nà, ìbéèrè náà ni ìkíni wa: “Níbo ni o?” Ẹni tí a bi kì í bínú, ó mọ̀ pé ìfẹ́ ló fà á.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà yìí ti le ju ìkíni lọ ní Brixton. Ẹ̀gbọ́n wa kan tó ti wà níhìn-ín láti ọdún 1976 ló là mí lójú sí i. Òfin kan wà tí wọ́n ṣe ní 1824 nítorí àwọn alárìnkiri. Ó fún ọlọ́pàá lágbára láti mú ẹni tí wọ́n bá fura sí pé ó ń rìn kiri pẹ̀lú èrò ibi, bí olúwa rẹ̀ kò tilẹ̀ tíì ṣe ohunkóhun. “Sus” ni àwọn ènìyàn ń pe òfin náà. Nígbà tó fi di àwọn ọdún 1970, àwọn ọ̀dọ́kùnrin dúdú ni ó ń mú jù ní London. Ní oṣù kẹrin ọdún 1981, àwọn ọlọ́pàá tí kò wọ aṣọ iṣẹ́ tú sí ìgboro Brixton. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, wọ́n ti dá ènìyàn tó lé ní 900 dúró, wọ́n ń bi wọ́n ní ìbéèrè, wọ́n ń tú wọn lápò. Ọjọ́ kẹwàá oṣù yẹn ni rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀, ó sì gba ọjọ́ mẹ́ta kí ó tó rọlẹ̀. Nínú ọdún náà ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin pa òfin “sus” rẹ́.

Ẹ̀gbọ́n yìí sọ fún mi pé ní àkókò náà, kí òun tó jáde, òun a ti to ìdáhùn sẹ́nu: ibi tí òun ti ń bọ̀, ibi tí òun ń lọ, orúkọ ẹni tí òun fẹ́ rí. Títí di òní olónìí, bí ẹ̀gbọ́n bá fẹ́ na ẹsẹ̀ lálẹ́, wọ́n a mú àpò ìrajà dání, kí wọ́n lè jọ ẹni tó ní ibi tó ń lọ. Òfin náà ti kú ó lé ní ogójì ọdún, àpò náà kò tíì kúrò lọ́wọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, nítorí mo wo àwa tí a kò tíì dé nígbà náà, mo sì rí i pé àwa náà ní àpò tiwa. A kì í jáde àfi bí a bá ní iṣẹ́ tí à ń jẹ́. Ìbẹ̀rù a máa pẹ́ lára títí yóò fi di àṣà, àṣà náà a sì wá jọ ìwà ọmọlúàbí.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí ẹ mọ̀ nípa ọ̀nà ẹsẹ̀ ilẹ̀ yìí. Ní England àti Wales, ọ̀nà tí òfin dá mọ̀ pé gbogbo ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti gbà tó nǹkan bí 140,000 máìlì, bẹ́ẹ̀ sì ni àárín oko olóko ni ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà kọjá. Olóko kò gbọdọ̀ dí i. Kò gbọdọ̀ gba owó oníbodè. Bí ẹ bá ṣáà ti ń bá ojú ọ̀nà lọ, kò sí ẹni tí ẹ jẹ ní gbèsè ìdáhùn pé kí ni ẹ wá ṣe. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò rí i gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin ọdún 1932, ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwọn òṣìṣẹ́ gun òkè Kinder Scout, lápá ìlà-oòrùn Manchester, níbi tí àwọn ọlọ́lá ti gbẹ́sẹ̀ lé ilẹ̀ nítorí ẹyẹ tí wọ́n ń yìn ní ìbọn. Márùn-ún nínú wọn lọ sí ẹ̀wọ̀n. Ní 1949 ni òfin wá jáde pé kí àwọn káńsù ya ọ̀nà ẹsẹ̀ àdúgbò wọn sórí máàpù, kí ó má baà sí àríyànjiyàn mọ́.

Èyí tó wù mí jù nínú òfin wọn nìyí, ó sì wà nínú òfin ọ̀nà ti ọdún 1980: bí àwọn ènìyàn bá gba ibì kan kọjá ní gbangba fún ogún ọdún gbáko, láìlo ipá, láìtọrọ àyè, tí olóko kò sì fi hàn pé òun kò fẹ́, ibẹ̀ lè di ọ̀nà gbogbo ayé. Ẹ ò rí nǹkan! Ẹsẹ̀ ló la ọ̀nà náà. Àwọn tó rìn ín lánàá ló ṣí i sílẹ̀ fún àwọn tó ń rìn ín lónìí, wọn kò sì kọ orúkọ wọn síbì kankan.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìrìn tó rọrùn, èyí tí ará Peckham lè ṣe láìpààrọ̀ ọkọ̀. Láti Peckham Rye, ẹ wọ ọkọ̀ tó ń lọ sí Sevenoaks, tó gba Catford àti Bromley South. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní Eynsford. Odò Darent ló ṣàn gba àárín abúlé náà; afárá òkúta àtijọ́ kan wà lórí rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá náà sì ni ibi tí mọ́tò ti ń la omi kọjá, tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré nínú omi nígbà ooru. Ẹ bá odò náà lọ sókè, ẹ óò kọjá lábẹ́ afárá rélùwéè olójú mẹ́sàn-án, ẹ óò sì dé Lullingstone, níbi tí wọ́n ti hú ilé ọlọ́lá kan jáde nínú ilẹ̀, ilé tí wọ́n kọ́ nígbà tí àwọn ará Róòmù ń ṣe ìjọba níhìn-ín. Àwọn onígbàgbọ́ ti gbàdúrà nínú yàrá kan níbẹ̀ láti ọ̀rúndún kẹrin. Àwòrán ara ògiri yàrá náà wà ní British Museum báyìí. Láti ibẹ̀, ẹ tẹ̀ lé odò títí dé Shoreham, ẹ wọ ọkọ̀ padà sí Peckham. Gbogbo rẹ̀ kò ju máìlì márùn-ún lọ. Ẹni tó bá lè rìn láti Camberwell dé Brixton pẹ̀lú àpò ìrẹsì lórí, eré ni èyí jẹ́ fún un.

Ohun kan wà tí ẹ óò kíyè sí ní kété tí ẹ bá kúrò ní ìdíkọ̀. Nínú rélùwéè abẹ́ ilẹ̀, orúnkún yín lè kan ti ẹnìkejì láti Brixton dé Oxford Circus, kò ní gbé ojú sókè. Ẹni yìí kan náà, bí ẹ bá pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà oko, yóò kí yín kí ẹ tó kí i. Bí ó bá ní ajá, yóò tún sọ orúkọ ajá náà fún yín. Ó jọ ọ̀nà oko nílé, níbi tí a kì í kọjá lára ẹni láìsọ pé ẹ kú ìrìn. Mo ti gbé ìlú yìí pẹ́ kí n tó mọ̀ pé wọ́n ní ìkíni lẹ́nu; inú oko ni wọ́n fi í pamọ́ sí.

N kò ní tàn yín jẹ ṣá o. Wọn a máa wò wá. Ní abúlé kan, màmá arúgbó kan tó ń gé òdòdó dá ọwọ́ dúró, ó bi wá bóyá a ṣìnà ni. Ẹ̀rín ló fi béèrè, kò sì sí ìkà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò bi àwọn òyìnbó mẹ́rin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá níwájú wa. Ọ̀rẹ́ mi dá a lóhùn pé, “Ẹ ṣé, màmá. Ibi tí a fẹ́ wà gan-an ni a wà.” Màmá náà rẹ́rìn-ín, ó sì bu omi fún wa mu. Nígbà tí a rìn síwájú díẹ̀, mo ronú kan ẹ̀gbọ́n wa àti àpò ìrajà wọn. Ìdáhùn tí ọ̀rẹ́ mi fọ̀ yẹn, wọn kì bá tí lè fi dá ẹnikẹ́ni lóhùn ní Brixton ní ọdún 1979.

Wàyí o, ìrìn tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹgbẹ́ wa jọ rìn ni èyí tó lọ láti Canterbury dé etí òkun ní Whitstable. Ó ní ìdí tí mo fi yàn án.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1864, nínú kàtídírà Canterbury, ni wọ́n fi Samuel Àjàyí Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ nínú ìjọ Áńgílíkà. Gbogbo wa mọ̀ ọ́n nítorí Bíbélì Yorùbá àti nítorí ìwé ọ̀rọ̀ èdè wa tó tẹ̀ jáde ní 1843. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rántí ìrìn rẹ̀. Ní 1821 tí ogun kó Òṣogùn, ọmọdé ni Àjàyí. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú lẹ́tà ní 1837, bí wọ́n ti sọ okùn sí àwọn obìnrin àti ọmọdé lọ́rùn, tí wọ́n so wọ́n pọ̀ bí ewúrẹ́, tí wọ́n sì dà wọ́n lọ sí Ìsẹ́yìn. Wọ́n tà á, wọ́n tún un tà, láti ọwọ́ dé ọwọ́, títí ó fi dé Èkó. Kò sí ẹni tó bi í pé níbo ló fẹ́ lọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Myrmidon mú ọkọ̀ àwọn olówò ẹrú tí wọ́n kó o sí, ó sì gbé e lọ sí Freetown. Henry Leeke ni ọ̀gá ọkọ̀ ogun náà. Ó wà láàyè ní 1864, ó sì wá sí Canterbury lọ́jọ́ tí ọmọ tí ó gbà sílẹ̀ di bíṣọ́ọ̀bù.

Ojú irin tó gba orí ọjà Brixton kọjá ti wà nílẹ̀ nígbà náà. Ilé iṣẹ́ rélùwéè London, Chatham and Dover ló ṣe é. Ó dé Canterbury ní 1860, ó sì dé Brixton ní 1862, nígbà tí ó ṣì ku ọdún 34 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Èkó ní 1896. Ọ̀nà náà ni àwa yóò gbà. Ẹ wọ ọkọ̀ Orpington ní Brixton, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ní Bromley South, ẹ wọ èyí tó ń lọ sí Canterbury East. Ní Rochester, ẹ wo ojú fèrèsé: odò Medway wà nísàlẹ̀, ilé olódi àtijọ́ wà lókè rẹ̀. Lẹ́yìn Sittingbourne, ọgbà ápù ni ẹ óò máa rí.

Ní Canterbury East, bí ẹ bá ti jáde, ẹ óò rí odi ìlú níwájú yín. Ẹ gba orí rẹ̀ wọ ìlú, ẹ lọ sí kàtídírà. Wọ́n ń gba owó ìwọlé. Nínú kàtídírà yìí náà ni Justin Welby, tó jẹ́ Áṣíbíṣọ́ọ̀bù nígbà náà, ti tọrọ àforíjì ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 2014, nígbà tí oyè náà pé 150 ọdún, nítorí ìwà tí ìjọ hù sí Crowther nígbà ogbó rẹ̀. Ẹ jókòó díẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ gba Westgate jáde, ẹ wá àmì Crab and Winkle Way, kí ẹ kọjú sí òkè.

Apá kan ọ̀nà yìí, ojú irin ni tẹ́lẹ̀. Wọ́n ṣí i ní ọjọ́ 3 oṣù karùn-ún ọdún 1830, oṣù mẹ́rin ṣáájú ti Liverpool àti Manchester tí gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Òkè ibẹ̀ ga ju agbára ẹ̀rọ ayé ìgbà náà, nítorí náà okùn ni wọ́n fi ń fa ọkọ̀ gun òkè, pẹ̀lú ẹ̀rọ ńlá tó dúró sójú kan. Ọkọ̀ èrò dẹ́kun níbẹ̀ ní 1931, ti ẹrù tẹ̀ lé e ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, igbó sì bò ó. Ní 1999 ni wọ́n ṣí i padà fún ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́. Ojú irin kú, ọ̀nà kò kú. Máìlì méje àtààbọ̀ ni.

Ẹ óò kọ́kọ́ gun òkè dé ẹ̀gbẹ́ Yunifásítì Kent. Ẹ bojú wẹ̀yìn níbẹ̀, ẹ óò rí ilé ìṣọ́ kàtídírà tó yọ gedegbe sókè gbogbo ìlú. Lẹ́yìn oko, ẹ óò wọ igbó Clowes Wood. Adágún omi kan wà nínú igbó náà, níbi tí ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ tí ń fa okùn wà nígbà náà. Tábìlì àti àga igi wà fún àwọn tó fẹ́ jẹun. Ibẹ̀ ni a máa ń tú ẹrù wa. Mọ́ínmọ́ín, dùndún àti ata díndín tí a gbé láti Brixton kò fìgbà kan dùn tó báyìí nínú ilé. Nígbà tí mo jókòó síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, okùn ni mo ń rò: okùn tó wà lọ́rùn ọmọ Òṣogùn, okùn tó ń fa ọkọ̀ gun òkè yìí ní ọdún mẹ́jọ péré lẹ́yìn tí a tú u sílẹ̀, àti èmi tí okùn bàtà mi nìkan ni okùn tí ń bẹ lára mi. Mo dìde, mo rìn síwájú. Kò sí ẹni tó fà mí, kò sì sí ẹni tó lé mi.

Láti inú igbó, ọ̀nà dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sísàlẹ̀, òkun a sì yọ lójijì. Òkúta wẹ́wẹ́ ló kún etí òkun Whitstable, kì í ṣe iyanrìn bíi ti Badagry, ó sì ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀ bí ẹni ń da àgbàdo gbígbẹ sínú igbá. Àwọn ará ibẹ̀ a máa jẹ ọ́ísítà, ẹran inú ìkarahun, ní tútù pẹ̀lú omi ọsàn wẹ́wẹ́. Ẹni tí ikùn rẹ̀ bá gbà á, kí ó tọ́ ọ wò. Bí ó bá jẹ́ ìgbà ooru, ẹ dúró kí oòrùn wọ̀ lójú omi kí ẹ tó lọ sí ìdíkọ̀. Ọkọ̀ Victoria láti Whitstable yóò gbé yín padà sí Bromley South, ti Brixton kò sì jìnnà mọ́.

Ẹnìkan lè sọ pé, kí ni èyí kan ìwé tí a wá kà? Mo rò pé ó kàn án. Lọ́jọ́ kan, púpọ̀ nínú wa yóò padà sílé, a óò sì di amòfin, ayàwòrán ìlú, oníṣẹ́ ilẹ̀ àti ìgbìmọ̀ káńsù. Rélùwéè tuntun tó wà láàárín Èkó àti Ìbàdàn ti ń kó èrò láti 2021, 157 kìlómítà, ìdíkọ̀ rẹ̀ ní Láderin, Abẹ́òkúta, sì ń jẹ́ orúkọ Wọlé Ṣóyínká. Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ tó fẹ́ fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ìdí Olúmọ, ẹ̀gbẹ́ títì ni yóò máa rọ́ gbà láàárín ọ̀kadà àti mọ́tò. Ọ̀nà oko tí àwọn bàbá ńlá wa fi ẹsẹ̀ là fún ọgọ́rùn-ún ọdún, bí ẹnìkan bá ra ilẹ̀, tó mọ odi yí i ká, ọ̀nà náà kú nìyẹn, kò sì sí máàpù tí yóò jẹ́rìí pé ó wà rí. Bí a bá lè mú òfin ogún ọdún yẹn dání lọ sílé, ó ju ọ̀pọ̀ ẹrù tí à ń kó sínú àpótí lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò rìn ọ̀nà rí kò lè mọ ohun tó sọnù nígbà tí wọ́n bá dí i.

Nítorí náà, àbá mi fún ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ nìyí: kí a mú Sátidé tó bá súnmọ́ ọjọ́ 29 oṣù kẹfà jù lọ́dọọdún, kí a jọ rin ìrìn Canterbury sí Whitstable. Àwọn tó wà láàárín ọdún 16 sí 25 lè gba káàdì rélùwéè tó ń dín ìdá kan nínú mẹ́ta owó tíkẹ́ẹ̀tì kù, àwọn tó ń kàwé ní kíkún náà sì lè gbà á bí wọ́n tilẹ̀ dàgbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí a wọ bàtà tí kò kọ ẹrẹ̀, kí a mú kóòtù òjò dání, nítorí ojú ọjọ́ ibí yìí kò ṣé fọkàn tán. Ẹni tó bá ní máàpù Ordnance Survey, Explorer nọ́ńbà 150, kí ó mú un wá. Àwọn ìlà aláwọ̀ ewé tó gé wẹ́wẹ́ nínú rẹ̀ ni ọ̀nà wa. Bí a bá ṣí ilẹ̀kùn oko, kí a tì í padà, kí àgùntàn olóko má baà tẹ̀ lé wa dé Brixton.

Mo ti sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n wa ti ọdún 1976. Wọ́n ní àwọn yóò bá wa lọ, bí a bá lè rọra rìn. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má mú àpò ìrajà dání. Mọ́ínmọ́ín tiwọn yóò wà nínú ẹrù mi.

Ẹ kú ìrìn o. Kí ẹsẹ̀ wa má kọ̀, kí ọ̀nà wa má dí.